Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ẹ̀rù Ihò Òkúta, Ẹ̀rù Omi àti Ẹ̀rù Ààfin Àtijọ́

Lẹ́tà mẹ́ta tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní oṣù yìí, láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ lọ wo àwókù ìlú tàbí ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń dá a dúró. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn.

LÁTI Ẹ̀PẸ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ìwé girama, ó sì ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya àwòrán píràmíìdì Gísà sára pátákó fún àwọn ọmọ. Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní òkè òkun wá sọ pé òun yóò san owó ọkọ̀ kí a jọ lọ sí Íjíbítì ní oṣù Kejìlá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò lè wọ ibi tí ó há. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, àwọn ọmọ àdúgbò tì mí mọ́ inú àpótí tí wọ́n ń kó ẹja sí, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Títí di òní, n kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pa, n kò sì lè wọ ẹ́lífétọ̀. Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi pé kí ó má wulẹ̀ náwó?
Ìyá Olùkọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má sọ fún ọmọ yín pé kí ó má náwó. Ṣùgbọ́n ẹ má sì ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá dé Gísà kí ẹ tó dojú kọ ẹ̀rù yìí, nítorí pé Ẹ̀pẹ́ ni ó yẹ kí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n rò pé ìgboyà yóò bá àwọn ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé wọ́n ti sanwó, ojú sì ń tì wọ́n láti padà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọ píràmíìdì Khufu, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ti Gísà, n kò rìn ín já. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ibẹ̀ fún yín, torí ohun tí a kò mọ ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń wúwo jù. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà wọlé kì í ṣe èyí tí àwọn tí ó kọ́ ọ ṣe. Ihò tí àwọn ènìyàn gbẹ́ sára òkúta ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé al-Ma'mun, kálífà Bagdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ènìyàn lè nàró rìn níbẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá parí èyí ni ọ̀nà tóóró kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 39, gíga rẹ̀ kò sì fi púpọ̀ ju mítà kan lọ, tí ó fi jẹ́ pé ṣe ni a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá owó tí ó yí bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti to pákó sílẹ̀, wọ́n sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Iná wà níbẹ̀, ohun tí a lè dì mú náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ tútù nìkan ni kò sí. Ooru ibẹ̀ dà bí ti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní ọ̀sán gangan, àwọn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sì ní láti fi ara ha àwọn tí ó ń gòkè.

Ní àárín ọ̀nà yìí ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́yìn mi sì ń pariwo ní èdè tí n kò gbọ́. Mo yí padà, mo jáde, mo jókòó sórí òkúta nínú oòrùn, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ni mo ṣe. Nígbà tí àwọn tí a jọ lọ jáde ni wọ́n tó sọ fún mi pé ibi tí mo ti padà kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí òrùlé ti ṣí sókè lójijì. Gbọ̀ngàn gàgàrà kan ni ó wà níbẹ̀, tí ó gùn tó mítà 47, tí ó sì ga ju mítà mẹ́jọ lọ, níbi tí ènìyàn ti lè na ọwọ́, kí ó na ẹ̀yìn, kí ó sì mí. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá! Ó dùn mí títí mo fi dé ilé.

Ohun tí mo wá kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni pé ẹ̀rù dà bí ìgbì. Ó máa ń ru sókè, ó máa ń dé ṣóńṣó, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá lè dúró dè é. Bí a bá sá kí ó tó lọ sílẹ̀, ara á tù wá lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ á sì di ẹ̀kọ́ òdì mú, pé sísá ni ó gbà wá là. Ìgbà mìíràn, ẹ̀rù náà á tún tóbi sí i. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n tì mọ́ àpótí kò ní agbára láti jáde. Ẹ̀yin ní agbára náà lónìí, ṣùgbọ́n ara yín kò tíì mọ̀, nítorí pé láti ọjọ́ náà wá ni ẹ kò ti fún un láàyè láti mọ̀. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ṣàlàyé ní ọdún 1958 bí a ṣe lè fi ara balẹ̀ gun àkàbà ẹ̀rù láti orí èyí tí ó kéré jù, ọ̀nà yẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní pẹ̀lú àtúnṣe. Àwọn baba wa kò kàwé kí wọ́n tó sọ pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Nítorí náà, balùwẹ̀ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí ẹ sì fún ẹ̀rù náà ní máàkì bí ẹ ti ń fún àwọn ọmọ, láti òdo dé mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ má jáde. Ẹ máa mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èémí tí ó ń jáde gùn ju èyí tí ó ń wọlé lọ, títí máàkì náà yóò fi di mẹ́rin tàbí mẹ́ta. Ìgbà náà ni kí ẹ ṣí i. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, títí tí yóò fi sú yín. Kí ó sú yín gan-an ni à ń wá. Lẹ́yìn èyí ni kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ ni ẹ́lífétọ̀ tí ẹ óò wọ̀ pẹ̀lú ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, àjà kan ṣoṣo ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fò kọjá èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ nítorí pé oṣù Kejìlá ń sún mọ́lé. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ kò lè dá a ṣe, ẹ lọ rí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilé ìwòsàn ìjọba. Irú ẹ̀rù yìí kì í ṣe wèrè, iṣẹ́ wọn sì ni.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn ní Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ Eredo jù mí lọ: yàrà àti odi tí wọ́n fi orúkọ Bílíkísù Súngbọ́ pè, tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ yí ká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ìlú Eredo tí ó wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ténté odi tó mítà 20. Bí ènìyàn bá dúró sínú rẹ̀, ògiri ilẹ̀ pupa tí ewédò ti bò ni yóò rí ní apá ọ̀tún àti òsì, àwọn igi á ti pàdé lókè, ariwo ọkọ̀ tí ó ń lọ lójú títì á sì dákẹ́. Ó há, ó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run wà lókè rẹ̀, ó sì ní ibi tí a lè gbà jáde. Fún irú ẹ̀rù tí ó wà lára yín, n kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èyí lọ láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Gísà. Ẹ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú dání, nítorí pé ejò wà nínú igbó, àwọn kan sì ka apá ibì kan sí ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tí ènìyàn kò kàn ń wọ̀ láìbéèrè. Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ pẹ̀lú bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè ya píràmíìdì láìwo ìwé, kí ó má sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ yàrà tí ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ rí.

Ní Gísà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù, kí èrò tó pọ̀. Ìta ni àwọn amọ̀nà máa ń dúró sí, nítorí náà ẹ̀yin àti ọmọ yín ni ẹ óò jọ wọlé. Kí ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ó má fa yín lọ́wọ́, kí ó má sì máa béèrè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bóyá ara yín le. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó dúró nígbà tí ẹ bá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Mo dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà tóóró náà, mo fara mọ́ ògiri kí àwọn ẹlòmíràn kọjá, mo sì dé òkè. Yàrá ọba tí ó wà lókè náà, akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí àwòrán tàbí ìkọ̀wé kankan lára ògiri rẹ̀, pósí òkúta kan tí kò ní ìdérí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé, bí orúnkún tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá gbà fún yín, tí dókítà yín sì sọ pé kí ẹ má wọlé, ẹ kò pàdánù àwòrán ẹlẹ́wà kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé inú píràmíìdì yàtọ̀ sí ti àgbàlá, a kì í fi dandan mú ènìyàn rà á. Ẹ lè fi owó náà kún owó ọkọ̀ dé tẹ́ńpìlì Karnak ní Luxor, níbi tí òpó òkúta 134 ti dúró nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tí òrùlé rẹ̀ ti wó, tí oòrùn ń ràn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé orúnkún ni ó dá yín dúró, kí ó má ṣe jẹ́ àpótí ẹja.

LÁTI ÌKÒRÒDÚ

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, mo ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọjà sì máa ń gbé mi dé Dar es Salaam ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Oníbàárà mi kan níbẹ̀ fẹ́ mú mi lọ wo ìlú àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Kilwa, ṣùgbọ́n ó ní erékùṣù ni, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo wà ní èbúté ní ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú àwọn tí ọkọ̀ wọn dànù jáde, láti ìgbà náà n kò fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́. Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí n má baà gba orí ọ̀sà. Kí ni kí n ṣe?
Oníṣòwò

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ sí ti Ìyá Olùkọ́. Píràmíìdì kò jẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n omi ń gbé ènìyàn lọ lóòótọ́, o sì ti fojú rí i. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ ni kí o mọ ejò yàtọ̀ sí ekòló. Ọkọ̀ tí ó kún ju bó ṣe yẹ lọ, tí ó ń lọ ní alẹ́, tí kò ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tí awakọ̀ rẹ̀ ń sáré nígbà tí òjò ṣú: ejò ni. Má wọ̀ ọ́, ní Ìkòròdú tàbí ní Tanzania, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ tí ó gbéra ní àárọ̀, tí omi pa rọ́rọ́, tí olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so dáadáa, ekòló nìyẹn.

Èbúté Ìpakodò kò jìnnà sí ọ. Lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé láìra tíkẹ́ẹ̀tì, jókòó, kí o máa wo bí èrò ti ń wọ ọkọ̀ àti bí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, títí àyà rẹ yóò fi balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ awakọ̀ kan kí o jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o tó sanwó lọ sí Èkó kí o sì padà. Mo tún fẹ́ kí o kọ́ ìwẹ̀ nínú odò adágún ti òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí omi kò ju àyà lọ. Agbalagba tí ó ń kọ́ ìwẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú, àwọn ọmọdé tí yóò rẹ́rìn-ín kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Kilwa sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà. Nǹkan bíi kìlómítà 300 ni ó wà sí gúúsù Dar es Salaam. Ìlú Kilwa Masoko ni ọkọ̀ ilẹ̀ máa gbé yín dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ àti amọ̀nà, omi tí ó là á láàárín sí erékùṣù Kilwa Kisiwani kò sì fẹ̀ tó ọ̀sà tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Èkó. Oníṣòwò ni àwọn tí ó kọ́ ọ, bíi tìrẹ. Wúrà tí ó ń ti inú ilẹ̀ Zimbabwe jáde gba ọwọ́ wọn kọjá lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí owó onírin kan tí wọ́n rọ ní Kilwa láàárín àwókù Great Zimbabwe, tí ó jìnnà réré sí òkun. Ní ọdún 1331, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, dé ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ìlú tí ó rẹwà jù tí ó rí. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n fi òkúta iyùn inú òkun kọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òrùlé rẹ̀ tí ó rí rìbìtì bí igbá tí a dojú dé. Ààfin Husuni Kubwa wà ní etí òkè, ó ní yàrá tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún àti adágún ìwẹ̀ onígun mẹ́jọ. Àwọn ará Pọtogí kógun ja ìlú náà ní ọdún 1505, kò sì padà sípò rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tìrẹ, kí o sì gbé e dání láti ilé. Má sì kó ọ̀rá nylon sínú ẹrù, nítorí pé Tanzania ti fòfin dè é láti ọdún 2019, wọ́n sì máa ń gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú.

LÁTI ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ Ẹ̀gùn. Àwa mẹ́rin fẹ́ lọ sí ààfin àwọn ọba Dàhòmì ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìyá ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa ń kígbe níbẹ̀. Nígbà tí mo wọ yàrá àwọn ẹrú ní ìlú wa níhìn-ín pàápàá, gbogbo ara mi gbọ̀n, mo sì sunkún. Ṣé iwin ni?
Ọmọ Ẹ̀gùn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, bí o ti kọ ọ́ yẹn, ìbànújẹ́ ni mo rí níbẹ̀. Ó jọ ẹ̀rù lára, nítorí pé ẹsẹ̀ ń gbọ̀n nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀nà kan náà tọ́jú wọn. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ kò nílò kí a máa kì í láyà. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kì í sì í ṣe ìtàn àròsọ. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 lábẹ́ ọba Ghezo, wọ́n sì tún padà wá ní 1864, wọ́n sì kó ènìyàn púpọ̀ lẹ́rú ní ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Ẹ̀gùn. Lára ohun ìní ààfin náà ni àga Ghezo kan wà tí wọ́n gbé lé orí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Kí o mọ̀ ọ́n láti ilé, kí ó má baà bá ọ lójijì.

Ọba méjìlá ni ó jẹ níbẹ̀ láàárín 1625 àti 1900. Ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ẹranko àti ogun tí wọ́n mọ sára rẹ̀. Ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ni ó fi iná sí i ní 1892 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí apá kan fi jẹ́ àlàpà. Faransé dá ohun ìṣúra 26 tí wọ́n kó níbẹ̀ padà fún orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Àtúnṣe ti ń lọ níbẹ̀ láti ọdún díẹ̀ wá, nítorí náà ẹ béèrè apá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Kí o tó lọ, jókòó ti ìyá àgbà, kí o bi í léèrè orúkọ àwọn tí a kó lọ nínú ẹbí yín bí ó bá mọ̀ wọ́n, kí o sì kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ní o kò gbọdọ̀ lọ, fún un ní oṣù kan, kí o tún padà bá a sọ ọ́. Ìrìn àjò yìí kò tó ohun tí o máa fi dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ má gba ọ̀nà pánya. Ọmọ ECOWAS ni yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu páàsípọ́ọ̀tù yín ní òǹtẹ̀ lápá méjèèjì, kí yẹ́lò káàdì sì wà lọ́wọ́. Bí o bá dé inú ààfin tí ara rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, jáde sí àgbàlá, jókòó, mu omi, kí o sunkún bí ó bá wá. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kéré tán kí o dé ibi tí o ti jáde.